Premchand, òǹkọ̀wé Índíà, láàárín Hindi àti Urdu: ìdí tí àríyànjiyàn lórí ogún rẹ̀ kò fi tíì parí

Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin ọdún 2025, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní orílẹ̀-èdè Índíà dá ẹjọ́ kan tí ẹni tó bá gbọ́ orísun rẹ̀ yóò rò pé kò tó nǹkan. Pátákó ni wọ́n ń jà lé lórí. Ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso ìlú Patur, ní ìpínlẹ̀ Maharashtra, kọ orúkọ rẹ̀ sára ilé tuntun tó kọ́. Ó fi èdè Marathi kọ ọ́ sókè, ó sì fi Urdu kọ ọ́ sísàlẹ̀. Obìnrin kan tó ti jẹ́ kánsẹ́lọ̀ níbẹ̀ rí ló pẹjọ́ pé Marathi nìkan ni òfin ìpínlẹ̀ náà fàyè gbà. Adájọ́ Sudhanshu Dhulia àti Adájọ́ K. Vinod Chandran da ẹjọ́ náà nù. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìdájọ́ wọn pé èdè kì í ṣe ẹ̀sìn, pé ilẹ̀ Índíà ni wọ́n bí Urdu sí, àti pé àwọn amúnisìn ló lo ẹ̀sìn láti fi ya Hindi àti Urdu nípá, títí tí àwọn ènìyàn fi wá ń rò pé àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù ló ni èkíní, tí àwọn Mùsùlùmí sì ni èkejì.

Oṣù méjì ṣáájú ìdájọ́ yìí, ọ̀rọ̀ kan náà ti dá gbọ́nmi-si-omi-ò-to sílẹ̀ ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ Uttar Pradesh. Wọ́n fẹ́ kí àwọn aṣòfin lè máa gbọ́ ìjíròrò ilé ní Awadhi, Bhojpuri, Braj, Bundeli àti Gẹ̀ẹ́sì, ní àfikún sí Hindi. Àwọn alátakò béèrè ohun tó dé tí Urdu kò sí níbẹ̀. Yogi Adityanath, olórí ìjọba ìpínlẹ̀ náà, fèsì pé ilé ìwé Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn alátakò ń rán ọmọ tiwọn lọ, ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ kí ọmọ ẹlòmíràn kọ́ Urdu kó lè di ààfáà alágídí. Bẹ́ẹ̀, láti ọdún 1989 ni òfin ìpínlẹ̀ yìí kan náà ti sọ Urdu di èdè ìjọba kejì.

Uttar Pradesh yìí gan-an ni wọ́n ti bí òǹkọ̀wé tí orúkọ rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ bọ́ sẹ́nu àwọn ènìyàn nígbàkígbà tí ìjà Hindi àti Urdu bá tún gbérí. Premchand ni orúkọ náà. Àwọn olùkọ́ Hindi ń pè é ní ọba àwọn oníìtàn àròsọ, ìwé rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ ọmọ ilé ìwé kárí àríwá Índíà. Àwọn olólùfẹ́ Urdu náà ń kà á mọ́ àwọn tó fi ìpìlẹ̀ ìtàn kúkúrú lélẹ̀ nínú èdè wọn. Èrò tèmi ni pé àwọn méjèèjì ló jàre, àmọ́ ọ̀pọ̀ wọn kì í fẹ́ tọpa bí ọkùnrin náà ṣe rìn láti ọ̀dọ̀ èkíní dé ọ̀dọ̀ èkejì. Ẹni tó bá tọpa rẹ̀ yóò rí i pé owó ìwé, ilé ìtẹ̀wé àti iye òǹkàwé ló darí ẹsẹ̀ rẹ̀ ju ẹ̀sìn lọ, kò sì fi ìgbà kankan já èyí tó kọ́kọ́ mọ̀ sílẹ̀.

Kí a tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó yẹ kí a mọ ohun tí ìjà náà dá lé. Ẹni tó bá jókòó ní ọjà Delhi tàbí ti Lucknow, tó ń gbọ́ bí àwọn ènìyàn ṣe ń dúnàádúrà, kò ní lè fi etí lásán mọ ẹni tó ń sọ Hindi yàtọ̀ sí ẹni tó ń sọ Urdu, nítorí gírámà kan náà ni, ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ kan náà sì ni. Orí ìwé ni wọ́n ti pínyà. Lẹ́tà Devanagari ni Hindi ń lò, láti òsì lọ sí ọ̀tún. Lẹ́tà tó ti ọ̀dọ̀ àwọn Lárúbáwá àti àwọn ará Páṣíà wá ni Urdu ń lò, láti ọ̀tún lọ sí òsì. Bí ọ̀rọ̀ bá sì ti di ti ọ̀mọ̀wé, Hindi a máa yá ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ Sanskrit, Urdu a sì máa yá a lọ́wọ́ Páṣíà àti Lárúbáwá. Òǹkàwé tó ti rí anjẹmi, Yorùbá tí àwọn ààfáà wa fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ, yóò tètè lóye apá kan nínú èyí. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó sọ láàárín wa pé anjẹmi ti di èdè ọ̀tọ̀, tí a ó máa dìbò lé lórí. Ní Índíà, ó di bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ ìjọba ló jẹ́ kó gbóná tó bẹ́ẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, lẹ́tà Urdu ni àwọn ilé ẹjọ́ àríwá Índíà ń lò, ẹni tí kò bá sì mọ̀ ọ́n kò lè di akọ̀wé ilé ẹjọ́. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1900, Antony MacDonnell, ọmọ ilẹ̀ Ireland tó ń ṣàkóso agbègbè náà fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, pàṣẹ pé kí wọ́n máa gba ìwé tí a fi Devanagari kọ pẹ̀lú. Inú àwọn kan dùn pé ilẹ̀kùn ti ṣí fún ọmọ tiwọn. Àwọn mìíràn rí i pé ẹnu ọ̀nà tí àwọn ń gbà jẹun ni wọ́n ń dí. Láti ìgbà náà ni ẹgbẹ́ Hindi àti ẹgbẹ́ Urdu ti ń gbógun ti ara wọn. Premchand kò tíì pé ọmọ ọdún 20 nígbà náà, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ rí iṣẹ́ olùkọ́ ni.

Ọjọ́ 31 oṣù Keje ọdún 1880 ni wọ́n bí i ní Lamhi, abúlé kan tí kò jìnnà sí Banaras, ìlú tí a ń pè ní Varanasi lónìí. Dhanpat Rai Srivastava ni orúkọ àbísọ rẹ̀. Akọ̀wé ilé ìfìwéránṣẹ́ ni bàbá rẹ̀. Ìran Kayastha ni wọ́n, ìyẹn àwọn Híńdù tó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fi iṣẹ́ akọ̀wé jẹun, tí wọ́n kọ Páṣíà àti Urdu fún àwọn ọba Mùsùlùmí kí wọ́n tó kọ ọ́ fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Kò sí ohun ìyàlẹ́nu nínú pé ọ̀dọ̀ ààfáà ni wọ́n kọ́kọ́ mú ọmọ náà lọ kọ́ ìwé, bẹ́ẹ̀ ni bàbá àti baba ńlá irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe kẹ́kọ̀ọ́. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tó wà ní kékeré. Wọ́n fẹ́yàwó fún un ní ọmọ ọdún 15, ìgbéyàwó náà kò sì gún. Bàbá rẹ̀ kú ní ọdún 1897, ẹrù ilé wá já lé e léjìká. Ní ọdún 1899, ó gba iṣẹ́ olùkọ́ ní ilé ìwé míṣọ́nnárì kan ní Chunar, rúpì 18 lóṣù.

Ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́, Asrar-e-Ma'abid, jáde díẹ̀díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn Urdu kan ní Banaras láàárín ọdún 1903 sí 1905. Ìtàn bí àwọn àlùfáà tẹ́ńpìlì Híńdù ṣe ń fi ìwà ìbàjẹ́ ba ilé ìsìn jẹ́ ni. Ìlú Kanpur ni ọ̀nà wá là fún un. Níbẹ̀ ló ti bá Daya Narain Nigam pàdé, olóòtú ìwé àtìgbàdégbà Urdu tó ń jẹ́ Zamana, Híńdù bíi tirẹ̀, tó sì di ọ̀rẹ́ rẹ̀ títí dọ́jọ́ ikú. Ní ọdún 1906, ó fẹ́ Shivrani Devi, obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ti kú nígbà tó ṣì jẹ́ ọmọdé. Nígbà náà, àwọn Híńdù tó wà ní ipò rẹ̀ kì í fẹ́ opó, nítorí náà ìgbésẹ̀ náà gba ìgboyà. Shivrani náà di òǹkọ̀wé, ìwé tó sì kọ nípa ọkọ rẹ̀ lẹ́yìn ikú rẹ̀ wà lára ohun tó dára jù tí a lè kà nípa bó ṣe ń gbé nínú ilé.

Ọ̀rọ̀ Soz-e-Watan ló sọ Dhanpat Rai di Premchand. Ìtàn kúkúrú márùn-ún lórí ìfẹ́ ilẹ̀ baba ẹni ló wà nínú ìwé náà, Urdu ni, ọdún 1908 ló jáde, Nawab Rai sì ni orúkọ tó fi kọ ọ́. Ó ti di alábẹ̀wò ilé ẹ̀kọ́ fún ìjọba ní agbègbè Hamirpur nígbà tí ọ̀gá Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣàkóso ibẹ̀ ránṣẹ́ pè é, tó sì bi í bóyá òun ló ni ìwé náà. Premchand fúnra rẹ̀ ló ròyìn lẹ́yìn náà pé ọ̀gá náà ní kó dúpẹ́ pé abẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ló wà, pé bó bá jẹ́ ti àwọn ọba Mughal ni, wọn ì bá ti gé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Wọ́n dáná sun gbogbo ìwé tó ṣẹ́kù, wọ́n sì pàṣẹ pé kó máa gbé gbogbo ohun tó bá kọ wá fún àyẹ̀wò. Mo máa ń rò ó pé kò sí ibi tí ọgbọ́n amúnisìn ti hàn jù báyìí lọ: ẹni tó ń dáná sun ìwé ẹlòmíràn ló tún ń fi ọba Mùsùlùmí tó ti kú dẹ́rù ba Híńdù tó kọ ìwé náà ní Urdu. Nigam ló bá a wá orúkọ tuntun, kí àwọn alábẹ̀wò má baà mọ̀ ọ́n. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1910, ìtàn Bade Ghar ki Beti jáde nínú Zamana, Premchand sì ni orúkọ tó wà lórí rẹ̀.

Láti bíi ọdún 1914 ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ Hindi. Ibí yìí ni àríyànjiyàn ti máa ń le jù, nítorí lẹ́tà kan tó kọ sí Nigam ní ọdún 1915, níbi tó ti sọ pé òun ń kọ́ bí a ṣe ń kọ Hindi, pé Urdu kò lè gbé òun dé ibi kankan mọ́, tó sì bèèrè pé Híńdù wo ló ti kọ Urdu rí tó ṣe é ṣe, tí tòun yóò fi yàtọ̀. Àwọn tó fẹ́ sọ ọ́ di jagunjagun Hindi máa ń gbé gbólóhùn yìí sókè bí àsíá. N kò sọ pé kò sí ẹ̀dùn ọkàn Híńdù nínú rẹ̀; ó wà níbẹ̀, a kò sì gbọdọ̀ fi pamọ́. Ṣùgbọ́n Híńdù tí Urdu ń bọ́ ló kọ lẹ́tà náà sí, kò sì dẹ́kun fífi ìtàn Urdu ránṣẹ́ sí i lẹ́yìn náà.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ Seva Sadan. Ìtàn obìnrin kan tí ìgbéyàwó tí kò dára àti owó orí, èyí tí ìdílé ìyàwó ń san fún ìdílé ọkọ ní Índíà, tì sínú iṣẹ́ panṣágà ni. Urdu ló kọ́kọ́ fi kọ ọ́, ó sì pè é ní Bazaar-e-Husn. Kò tètè rí ẹni tí yóò tẹ̀ ẹ́ ní Urdu. Ilé iṣẹ́ ìwé Hindi kan ní Calcutta gbà á, ó san rúpì 450 fún un, ìwé náà sì jáde ní ọdún 1919. Ọdún 1924 ni ti Urdu tó jáde ní Lahore, rúpì 250 péré sì ni wọ́n san. Owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìnrere, àwọn àgbà ti sọ bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ tó ní aya àti ọmọ, tó rí i pé ọ̀dọ̀ kan ń sanwó fẹ́rẹ̀ẹ́ ìlọ́po méjì, tó sì ń yára tẹ ìwé, kò nílò ìwàásù ẹlẹ́sìn kankan kó tó mọ ibi tí yóò kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Bó sì ṣe ń kọ láti ìgbà náà nìyẹn: nígbà mìíràn yóò kọ́kọ́ fi Urdu ronú ìtàn kan, yóò sì tún un kọ ní Hindi, nígbà mìíràn, Hindi ni yóò ṣáájú.

Ní ọjọ́ 8 oṣù Kejì ọdún 1921, Gandhi wá sọ̀rọ̀ ní Gorakhpur, ó ní kí àwọn ènìyàn yọwọ́ nínú iṣẹ́ ìjọba. Kí oṣù náà tó parí, Premchand ti kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn bí ogún ọdún. Ohun tó tẹ̀lé e ni iṣẹ́ àṣekúdórógbó. Ó dá ilé ìtẹ̀wé Saraswati Press sílẹ̀ ní Banaras ní ọdún 1923, ó dá ìwé àtìgbàdégbà Hans sílẹ̀ ní ọdún 1930, àwọn méjèèjì sì ń jẹ ẹ́ lówó. Nítorí gbèsè yìí ló fi lọ sí Bombay ní ọdún 1934 láti máa kọ ìtàn fún ilé iṣẹ́ sinimá kan, ní rúpì 8,000 lọ́dún. Sinimá rẹ̀, Mazdoor, dá lórí ìyà àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ aṣọ. Ìjọba fòfin dè é ní Bombay. Kò pé ọdún kan tó fi padà sílé.

Ọdún 1936, tó jẹ́ ọdún ikú rẹ̀, ni Godaan jáde, èyí tí ọ̀pọ̀ kà sí ìwé rẹ̀ tó ga jùlọ. Àgbẹ̀ ni Hori. Kò béèrè ju pé kí òun ní màlúù kan lẹ́nu ọ̀nà lọ. Ó rí màlúù náà rà láwìn, àbúrò rẹ̀ fi owú fún un ní májèlé jẹ, láti ibẹ̀ sì ni owó ìtanràn, owó orí ilẹ̀ àti èlé àwọn ayánilówó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó o mọ́ra, títí tí àgbẹ̀ tó ní oko fi di lébìrà tó ń fọ́ òkúta lábẹ́ oòrùn. Nígbà tó ń kú lọ, wọ́n ní kí aya rẹ̀, Dhania, fi màlúù tọrẹ fún àlùfáà gẹ́gẹ́ bí àṣà. Dhania lọ mú owó okùn tó tà lọ́jọ́ náà, ogún ánà, ìyẹn owó wẹ́wẹ́ ilẹ̀ Índíà, ó fi í lé àlùfáà lọ́wọ́, ó ní kò sí màlúù, kò sí ọmọ màlúù, owó yìí ni gbogbo ọrẹ náà. Kò sí ìwé tó ṣàlàyé ìṣẹ́ àgbẹ̀ Índíà lábẹ́ amúnisìn fún mi tó èyí.

Oṣù Kẹrin ọdún yẹn kan náà ló ṣe alága ìpàdé àkọ́kọ́ ti Ẹgbẹ́ Àwọn Òǹkọ̀wé Onítẹ̀síwájú ní Lucknow, níbi tó ti sọ fún wọn pé a ní láti yí òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn ẹwà padà, pé kí ìwé kíkọ kúrò ní eré ọwọ́ àwọn ọlọ́rọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó kọ Urdu ló pọ̀ nínú àwọn tó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Lákòókò kan náà, ó ń bá Gandhi àti àwọn ènìyàn rẹ̀ wá bí àwọn ìwé èdè Índíà gbogbo yóò ṣe pàdé lábẹ́ òrùlé kan, ó sì di èrò pé Hindustani, ọ̀rọ̀ ẹnu gbogbo ènìyàn tí kò wúwo fún Sanskrit tàbí Páṣíà, ni kó jẹ́ èdè ìpàdé mú. Ọjọ́ 8 oṣù Kẹwàá ọdún 1936 ló kú ní Banaras. Ọdún 11 lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n pín ilẹ̀ náà sí méjì. Urdu di èdè orílẹ̀-èdè Pakistan, òfin Índíà sì fi Hindi tí a kọ ní Devanagari ṣe èdè ìjọba àpapọ̀. Kò sẹ́ni tó fi Hindustani ṣe ohunkóhun.

Ìpín yìí ló ń ṣiṣẹ́ lórí ogún rẹ̀ títí di òní. Ní ilé ìwé Índíà, Hindi ni àwọn ọmọ ti ń ka Eidgah, ìtàn Hamid, ọmọ òrukàn Mùsùlùmí tó gba owó táṣẹ́rẹ́ lọ sí ọjà ọdún Ìtùnú Àwẹ̀, tí kò ra dídùn, tí kò ra ohun ìṣeré, tó fi owó náà ra ẹ̀mú fún ìyá bàbá rẹ̀ kí iná má baà jó o lọ́wọ́ mọ́ nídìí búrẹ́dì. Díẹ̀ ló mọ̀ pé ìtàn kan lè ní ọ̀nà méjì, Hindi àti Urdu, tí kò bára mu délẹ̀délẹ̀, nítorí bó ti ń tún un kọ ló ń fi kún un, tó sì ń yọ nínú rẹ̀. Nígbà tí M. Asaduddin kó gbogbo ìtàn kúkúrú rẹ̀ jọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 2017, nínú ìwé mẹ́rin tí ìtàn inú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 300, ọ̀kan nínú ohun tó gba agbára wọn jù ni fífi ọ̀nà méjèèjì wé ara wọn. Ẹni tó bá mọ lẹ́tà kan ṣoṣo kò lè dá iṣẹ́ yìí ṣe, àwọn tó sì mọ méjèèjì ń dín kù ní Índíà. Lójú tèmi, ewu tó wà lórí ogún Premchand gan-an nìyí, ó ju ẹ̀sùn pé ẹgbẹ́ kan jí i gbé lọ.

Àwọn olóṣèlú náà kò fi í sílẹ̀. Ní ọdún 2003, àjọ tó ń ṣètò ìdánwò ilé ìwé girama ní Índíà yọ Nirmala, ìwé rẹ̀ lórí ọmọbìnrin tí wọ́n fún ọkùnrin àgbàlagbà nítorí owó orí, kúrò nínú ìwé kíkà, ó sì fi ìwé obìnrin olóṣèlú kan tó wà nínú ẹgbẹ́ òṣèlú tó ń ṣèjọba rọ́pò rẹ̀. Ariwo tó tẹ̀lé e kò kéré.

Ẹjọ́ tó wúwo jù lọ tí wọ́n pè é, síbẹ̀, kò kan èdè rárá. Ní ọjọ́ 31 oṣù Keje ọdún 2004, ọjọ́ ìbí rẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé Dalit kan dáná sun ìwé rẹ̀ Rangbhumi ní Delhi. Dalit ni àwọn tí ètò ìran Híńdù sọ di ẹni tí a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Ẹ̀dùn wọn ni pé Premchand ń fi orúkọ ìran tí wọ́n fi ń bú wọn pe Surdas, akọni inú ìwé náà, léraléra, pé àwọn ọmọ Dalit ni yóò sì jókòó ní kíláàsì nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn bá ń ka ọ̀rọ̀ náà sókè. Kafan ni wọ́n tún máa ń tọ́ka sí. Ìtàn yìí, tó kọ́kọ́ jáde ní Urdu nínú ìwé àtìgbàdégbà Jamia ní oṣù Kejìlá ọdún 1935, kó tó di Hindi, sọ nípa bàbá àti ọmọ, Ghisu àti Madhav, tí wọ́n jókòó ti ọ̀dùnkún tí wọ́n ń sun nígbà tí ìyàwó ọmọ náà ń rọbí kú lọ nínú ilé, tí wọ́n sì fi rúpì márùn-ún tí abúlé dá fún aṣọ òkú mu ọtí. Àwọn kan rí i gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sùn tó le jù lọ sí ayé tó lo òtòṣì títí tí ojú kò fi tì wọ́n mọ́. Àwọn Dalit béèrè pé kí ló dé tó fi jẹ́ pé ìran tiwọn ló fi ṣe ọ̀lẹ aláìláàánú, nígbà tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn ni gbogbo abúlé náà ń jẹ.

Àwọn olùgbèjà rẹ̀ máa ń yára dáhùn pé òun kan náà ló kọ Thakur ka Kuan, níbi tí obìnrin Dalit kò ti lè fa omi mímọ́ fún ọkọ rẹ̀ tó ń ṣàìsàn, àti Sadgati, tí Satyajit Ray fi ṣe sinimá tẹlifíṣọ̀n ní ọdún 1981, níbi tí àlùfáà ti fi iṣẹ́ òfẹ́ pa ọkùnrin kan. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò dáhùn ìbéèrè náà tán. Nínú ìtàn rẹ̀, àwọn Dalit ń jìyà, wọ́n ń kú, a sì ń káàánú wọn. Ó ṣọ̀wọ́n kí wọ́n dìde gba ẹ̀tọ́ wọn, bẹ́ẹ̀ B. R. Ambedkar, aṣáájú àwọn Dalit, ti kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn lọ sí odò adágún Mahad láti mu omi ní ọdún 1927, nígbà tí Premchand wà láàyè tó sì ń ka ìwé ìròyìn.

Hans, ìwé àtìgbàdégbà tó gbé e sínú gbèsè, wọlẹ̀ lẹ́yìn ikú rẹ̀. Rajendra Yadav jí i dìde ní ọjọ́ 31 oṣù Keje ọdún 1986, ó sì ṣí ojú ewé rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn obìnrin àti àwọn Dalit tí àwọn ìwé Hindi mìíràn kì í fún láyè. Àríyànjiyàn lórí olùdásílẹ̀ rẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n jà níbẹ̀. Ajay Navaria, ọ̀kan lára àwọn òǹkọ̀wé Dalit tó dìde nígbà náà, kọ ìtàn kan tó ti gba àwọn ènìyàn inú ìtàn Premchand lọ́wọ́ rẹ̀, tó sì fún wọn ní ọ̀nà mìíràn láti tọ̀.